Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Nọ́ọ̀sì

Ariwo alùpùpù náà ni Elétí kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kó tó rí ẹni tó gùn ún. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn tí alùpùpù náà ń rìn kò yá ju ti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ. Elétí gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ lé orí àpótí, ó na ọrùn síta. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ó so àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù bó ṣe máa ń ṣe, òógùn sì ti bo iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá.

"Bàbá Elétí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ò jíire bí? Kí ló ń ṣe ẹranko yín tó ń pariwo báyìí?"

"Ariwo ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe, sà. Tí mo bá yí ọwọ́ epo, á ké, á ké, kò níí lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ṣì ń gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó kan òkè báyìí, àfi kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa tì í. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá àgbà kan tó ru igi ìdáná kọjá lára mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n bá ọ tì í ni?'"

Ẹ̀rín pa Elétí. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ lẹ́tà kan nínú àpò, ó nà án sí i.

Lẹ́tà náà kò gùn. Iléeṣẹ́ ètò ìlera tó ni alùpùpù ló kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Alábẹ̀wò yóò wá wo gbogbo alùpùpù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti gbó jù, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọn kò níí fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí owó ti tán.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni alùpùpù yìí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Òun ló dàgbà jù nínú alùpùpù méjèèje tí wọ́n ní. Bí wọ́n bá gbà á, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbé mi lọ, kí n máa fi òǹtẹ̀ lu káàdì. Ìletò márùn-ún ló wà lókè yẹn, sà. Aboyún mọ́kànlá ni mo ní lọ́wọ́ báyìí. Ta ni yóò máa lọ bá wọn?"

"Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, á ti máa gun òkè bí ewúrẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gbangba, lójú àwọn oníbàárà méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Elétí. Ọdún méjìdínlógójì ló ti fi ń tún alùpùpù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Iwájú ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ta ọ́ìlì ọkọ̀. Ẹ̀yìn, lábẹ́ òrùlé páànù, ni òun ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí ni pé ó máa ń fi ẹnu síkúrúdíráfà gígùn kan lé ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, á fi ìdí rẹ̀ lé etí, á di ojú, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà kan, ó fetí sí alùpùpù ọkùnrin kan títí, ó ní, "Béárì ẹ̀yìn ti lọ. Ìwọ náà sì lọ jẹun, mò ń gbọ́ ikùn rẹ."

Kò sí ohun tí í ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Bóòtù àlòkù wà nínú agolo bí wọ́n ti tóbi sí. Àkísà tó bá ti dúdú, á fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, á sá a. Ti ọ́ìlì wá lágbára jù. Àwọn tó ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dà á sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n á sì fi ike sílẹ̀. Ike ọ́ìlì kì í sì í ṣófo tán. Bí èèyàn bá dojú rẹ̀ kodò fún ìdajì wákàtí, ìwọ̀n ìdérí méjì tàbí mẹ́ta á tún kán sílẹ̀. Elétí fi pákó ṣe àtẹ kan tó ní ihò méjìlá, ó ń fi orí àwọn ike náà ti inú ihò, ọ́ìlì wọn ń kán sínú àrọ ńlá, àrọ ń gbé e lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Láàárín oṣù kan, kẹ́ẹ̀gì á kún. Ọ́ìlì tuntun ni o, kò tíì wọ ẹ́ńjìnnì rí.

Kò jẹ́ dà á fún oníbàárà tó ra ọ́ìlì tirẹ̀. Alùpùpù méjèèje ti iléeṣẹ́ ìlera ló ń dà á sí, torí iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì sì wà nínú rẹ̀. Bó bá ra ike tuntun fún wọn, èrè iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kọ iṣẹ́.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti fẹsẹ̀ lọ, Elétí gun alùpùpù náà, ó gbé e sí ojú títì tó tẹ́jú. Ó fi í sí jíà kẹrin, ó jẹ́ kó máa rìn jẹ́jẹ́, ó wá yí ọwọ́ epo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì fò sókè, ó ń hó. Alùpùpù kò kánjú rárá. Àmì kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ nìyẹn, kò nílò kó béèrè. Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì wà fún kò ju pé kó so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ẹ̀yìn. Àwọn pílétì pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra nínú rẹ̀, tí sípíríǹgì tẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Bí wọn ò bá di ara wọn mú mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí, táyà á máa wò ó.

Ó kọ́kọ́ wo wáyà. Bí wáyà kílọ́ọ̀ṣì bá le jù, á máa fa àwọn pílétì yẹra fún ara wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ohun tó tẹ̀. Ó fi owó wẹ́wẹ́ kan sí àlàfo ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Owó náà wọlé, ó dúró déédéé. Wáyà kò jẹ̀bi. Ó fi síkúrúdíráfà sí etí. Ẹ́ńjìnnì ń kùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tó yó. Pílétì tó ń yọ̀ kì í ké, kò sì sí ohun tí etí fẹ́ gbọ́ níbẹ̀.

Ó tú ọ́ìlì jáde, ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó kó àwọn pílétì sórí bébà ìròyìn. Ó fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣì nípọn tó. Ó tún wọn wọ̀n. Wọ́n ṣì nípọn tó.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Irin ìwọ̀n sọ fún un pé pílétì dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí alùpùpù náà ló ń rò. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ó ní kí òun má fi àkókò ṣòfò. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ó ra pílétì tuntun àti sípíríǹgì tuntun. Owó náà dùn ún wọ eegun. Pílétì tuntun kì í sì í wọ ẹ́ńjìnnì ní gbígbẹ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kó máa rì wọ́n sínú ọ́ìlì dọjọ́ kejì. Elétí kì í fo ìlànà. Ó gbé abọ́, ó bu ọ́ìlì láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó rì wọ́n síbẹ̀, ó fi páálí bò wọ́n kí eruku má baà wọ̀ wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Nọ́ọ̀sì wá gbé alùpùpù rẹ̀. Ó gun òkè, ó sọ̀, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù láìpa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ó lọ! Ó lọ bí ọfà!"

"Mo wí fún yín àbí n ò wí? Pílétì ló ti jó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Inú ìwé alùpùpù ni wọ́n ń kọ gbogbo àtúnṣe sí, kì í sì í fo ẹyọ kan.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì tún dé. Ẹ́ńjìnnì ò dún lọ́tẹ̀ yìí. Ó pa á lókè, ó sì jẹ́ kí alùpùpù yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e tì sára ògiri, ó bọ́ akoto kúrò lórí, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú agbára.

"Bàbá Elétí."

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé?"

"Wọ́n pè mí pé ìyàwó kan ń rọbí ní ìletò kẹta. Mo dé ìdajì òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀ igbe. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé kan, mo ru àpótí, mo fẹsẹ̀ rìn. Kí n tó débẹ̀, ó ti bí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gba ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, sà! Ojú rẹ̀ kì í tiẹ̀ ríran dáadáa."

"Ọmọ ńkọ́? Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ èmi tàbí tiyín." Ó nu ojú. "Àwọn èèyàn ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun ojú títì ńlá, àwọn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Mo ní rárá, Bàbá Elétí ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ò gbọ́. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì o."

Ó ti kọ ìkejì náà sínú ìwé: kílọ́ọ̀ṣì tún yọ̀. Ó lọ. Elétí jókòó sórí àpótí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó búra ní àsìkò náà, á búra pé òun ti ṣe gbogbo ohun tí a ń ṣe.

Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti tún tú ìdérí náà. Pílétì ọlọ́jọ́ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń dán. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá fún un láti iwájú, ó rí ojú rẹ̀, ó dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì mu nǹkan kan láti àárọ̀."

"Gbé e síbẹ̀, Ìyá Ìbejì. Pílétì tuntun, sípíríǹgì tuntun, wáyà dára. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ọṣẹ pa á lóru."

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbé ife tíì sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọ́ìlì tó tú jáde. Ó ti ń ta ọ́ìlì fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kọjá lára ọ́ìlì kó má fọwọ́ kàn án. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìka ìfábẹ̀là, ó tún un rà. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí ọ́ìlì yìí?"

"Ọ́ìlì wo?"

"Èyí tó wà nínú alùpùpù Nọ́ọ̀sì."

"Inú kẹ́ẹ̀gì ni. Níbo ni mo tún fẹ́ rí i?"

"Ha, Bàbá Ìbejì! Ọ́ìlì tuntun tí mo ń tà láti bí oṣù mẹ́ta nìyí, èyí tó fúyẹ́, tàwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìwòyí. Wọ́n po nǹkan tó ń yọ̀ mọ́ ọn kí bẹntiróòlù má baà tètè jó tán. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ wà ní gbígbẹ, ọ́ìlì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti alùpùpù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe inú ọ́ìlì ló ń wẹ̀ tọ̀sán tòru? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!"

Elétí gbé pílétì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ike," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Gàdàgbà gadagba. Kì í ṣe fún alùpùpù."

"N ò rí i."

"Báwo lẹ ó ṣe rí i? Ìgbà tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí ike ló ń wò yín lójú."

Obìnrin náà kò mọ̀ pé ẹ̀rín yóò pa òun. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè rín in tán. Elétí kò bá a rín in. Ó dìde, ó lọ síbi tó kó pílétì àtijọ́ sí, ó wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ṣì nípọn tó. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ju pé ọ́ìlì rẹ̀ ń mú wọn yọ̀. Ó ra tuntun lásán, ó sì gbé tuntun náà rì sínú ohun kan náà tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ó tiẹ̀ fi páálí bò ó.

"Ìdérí ọ́ìlì mẹ́ta," ló ń sọ fúnra rẹ̀. "Nítorí ìdérí ọ́ìlì mẹ́ta."

Iṣẹ́ tó kù ò le, ó kàn gba sùúrù ni. Ó fi epo bẹntiróòlù fọ pílétì tuntun lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá wọn sóòrùn lórí páànù. Àwọn pílétì onírin tó wà láàárín wọn, ó tẹ́ bébà ìfági tó kúnná sórí jígí, ó rọra ń yí wọn lórí rẹ̀ títí dídán ara wọn fi pòórá. Ó dé ìdérí ẹ̀gbẹ́ padà fún ìgbà díẹ̀, ó da ọ́ìlì alùpùpù sínú ẹ́ńjìnnì láti fi ṣan inú rẹ̀, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tú u dànù. Ike kan ti lọ nìyẹn. Ó ri pílétì sínú ọ́ìlì tó tọ́ fún wákàtí díẹ̀ péré, torí kò sí àyè fún ọjọ́ kejì, ó tò wọ́n padà, ó ṣí ike kejì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ike fún un, ó sì ń sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé e, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní aago mẹ́rin, ó ku kó dán an wò. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ lè ṣe bí ẹni tó sàn bí kò bá sí ẹrù lórí alùpùpù.

"Ìyá Ìbejì, wá gùn ún."

"Èmi? Ó lé lógún ọdún tí mo ti gun nǹkan yìí gbẹ̀yìn."

"Nọ́ọ̀sì àti àpótí rẹ̀ ló ń gùn ún. Ẹni tó wúwo ni mo nílò."

"Ẹ máa wò mí bí àpò sìmẹ́ǹtì." Ṣùgbọ́n ó ti ń wé ìró rẹ̀ le.

Wọ́n gun òkè. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, alùpùpù ń lọ. Ní èkejì, níbi tí ọ̀nà ti ga jù, ẹ́ńjìnnì tún fò sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ húkọ́, lẹ́yìn náà ó dì mú. Ọ́ìlì tó ń yọ̀ yẹn ṣì ṣẹ́kù díẹ̀ lára pílétì. Wọ́n padà, Elétí tú ọ́ìlì náà jáde, ó ṣí ike kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó yí ọwọ́ epo níbi tó ga jù, alùpùpù fà, ìyàwó rẹ̀ sì gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó kígbe pé kó rọra. Kò yọ̀ mọ́. Wọ́n gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Lókè, wọ́n dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù.

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn lọ́la?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Màá ní pílétì ló jó."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé èmi, pẹ̀lú ọdún méjìdínlógójì, n ò mọ ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sí alùpùpù? Ṣebí ó ti ń gun òkè. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ tún ìró rẹ̀ wé. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù padà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Alùpùpù méje tò sí àgbàlá iléeṣẹ́ ìlera bí ọmọ iléèwé. Alábẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tó rí gbọọrọ, tó ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò, tí kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun ti Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dé òkè, ó padà wá. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ó lọ dáadáa," ni Alábẹ̀wò wí. Ó ṣí ìwé alùpùpù. Ó kà á, ó tún un kà. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ Ajé, kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pààrọ̀ pílétì. Ọjọ́rú, ó tún yọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ pílétì tuntun láàárín ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ti jẹ tán nìyẹn. Lónìí ó gun òkè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á já ẹnì kan sílẹ̀ lọ́nà. Mo máa yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ó ti gbó." Ó ti ṣí ìdérí kálàmù.

Elétí wà lẹ́yìn wọn, ó di pílétì àtijọ́ sínú àkísà lọ́wọ́ láti fi hàn pé òun ti pààrọ̀ wọn. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ọjọ́ orí alùpùpù á gba ẹ̀bi náà, kò sì ní ẹnu tí yóò fi jà. Ó wo kálàmù náà. Ó wo Nọ́ọ̀sì.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tíì kọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn. Èmi ni mo ṣe é."

Alábẹ̀wò gbójú sókè. "Ẹ ṣe kí ni?"

"Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo dà sí i. Ìṣẹ́kù inú ike tí ìyàwó mi tà ni mò ń kó jọ. N ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ọ́ìlì náà ló ń mú kí pílétì máa yọ̀, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, tí mo da èyí tó tọ́ sí i, ẹ ti rí i bó ṣe lọ. Pílétì àtijọ́ rèé." Ó tú àkísà, ó nà wọ́n sí i. "Ẹ wọ̀n wọ́n."

Alábẹ̀wò fi irin ìwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n wọ́n. Wọ́n nípọn tó lóòótọ́. Ó wo àwọn alùpùpù tó tò sílẹ̀.

"Mélòó nínú àwọn wọ̀nyí lẹ da ọ́ìlì yẹn sí?"

"Méjèèje. Àwọn mẹ́fà tó kù ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi tíì gbọ́ nǹkan kan."

"Iléeṣẹ́ yìí ń san owó ọ́ìlì fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn?"

"Mo mọ̀. Màá tú ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lónìí, màá da èyí tó tọ́ sí wọn, lówó ara mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gbé wọn lọ síbi tó bá wù yín."

Alábẹ̀wò kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí Nọ́ọ̀sì kó fọwọ́ sí i. Alùpùpù náà wà nínú ìwé, fún ọdún kan sí i.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i. Ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó fa okùn rẹ̀ le, kó tó kọjú sí Elétí.

"Èmi mà ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ò gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì."

"Inú ń bí mi, sà. Á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì rọlẹ̀." Ó tẹ ẹ́ńjìnnì, ó yí ọwọ́ epo, ó jáde ní àgbàlá, ó sì yà sí ọ̀nà òkè.

Mẹ́fà nínú méje lọ sí ṣọ́ọ̀bù ojú títì ńlá lóṣù yẹn, wọn kò sì padà. Ti Nọ́ọ̀sì ni wọn kò gbà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní ẹ̀yà ara fún nǹkan tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Nọ́ọ̀sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Elétí, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó ra ike ọ́ìlì alùpùpù kan, ó gbà á sọ́wọ́, kò jẹ́ kí wọ́n bá a gbé e dé ẹ̀yìn.

"Bàbá, ọ́ìlì ni mo wá pààrọ̀."

Elétí nawọ́ láti gba ike náà. Nọ́ọ̀sì kò fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí Elétí fi tú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì jáde. Ó wá fi èékánná já òrùka ìdérí ike fúnra rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀, Elétí sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí létí.

"Ṣé kí n dà á?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ dà á," ni Elétí wí, ó sì bá a di àrọ mú.